Ṣé itọ́ ẹnu lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ láìgún ìka

Ìròyìn kan ń lọ láti orí WhatsApp kan bọ́ sórí òmíràn láàrin àwọn ará wa ní Abuja, pé wọ́n ti rí ohun tí yóò máa fi itọ́ mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó lára, pé gígún ìka ti dópin. Láti ìgbà náà ni fóònù mi kò ti sinmi. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, àwọn Yorùbá sì pọ̀ lápá ibi tí mo ń gbé, láti Karu dé Nyanya títí dé Mararaba. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nìyí, pẹ̀lú àwọn tó wá láti Kaduna àti Kano. Bí mo ṣe ń dáhùn wọn lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ṣókí: ṣé kí n kó sítírípù tí mo fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi dànù?

Rárá o.

Ìròyìn yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ń wá àmì àtọ̀gbẹ nínú itọ́, wọ́n sì ti rí díẹ̀. Àmọ́ láti inú ìwádìí dé orí tábìlì yín ní Kubwa, ọ̀nà jìn. Ẹ̀jẹ̀ la ṣì fi ń mọ iye ínsúlíìnì, oògùn abẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, tí ẹ máa gún lálẹ́ òní.

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n tún ń wá lọ sínú itọ́?

Ẹ bi àwọn tó ń gún ìka. Ẹ bi aránṣọ tí abẹ́rẹ́ iṣẹ́ ti ń gún látàárọ̀, tó tún gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ mìíràn gún ìka kó tó jẹun. Ẹ bi ìyá tó ń to ata rodo ní ọjà Wuse: ojú ibi tí wọ́n gún láàárọ̀ ni ata á wá lọ́sàn-án. Ọmọdé tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní lè nílò kí wọ́n gún un nígbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, òbí tó ń di ọwọ́ ọmọ náà mú sì mọ ohun tó ń rí.

Owó tún wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni sítírípù kan ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti wọ́n, àwọn ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ lò: ẹni tó yẹ kó wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ á máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó bá yá, ó di ìgbà tí ojú bá ń ṣú u. Lójú tèmi, èyí burú ju ìrora ìka lọ.

Ohun kẹta ni pé a ti rí i pé ohun tó wà lẹ́nu ṣeé fi ṣàyẹ̀wò. Àyẹ̀wò HIV kan wà tó jẹ́ pé igi pẹlẹbẹ ni ẹ máa fi nu èrìgì yín lókè àti nísàlẹ̀, èsì á sì jáde láàrin 20 sí 40 ìṣẹ́jú. Ní 2012 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni máa fi yẹ ara rẹ̀ wò nílé, a sì ń lò ó ní Nàìjíríà náà. Àwọn ọmọ ogun ara tí àyẹ̀wò yẹn ń wá, purotéènì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn HIV. Ti ṣúgà, mélòó ni? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti le.

Kí ló wà nínú itọ́ yàtọ̀ sí omi?

Omi ló pọ̀ jù, nǹkan bíi 99 nínú 100. Àgbàlagbà ń ṣe tó ìdajì lítà sí lítà kan àbọ̀ lójúmọ́. Orísun ńlá rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta ní méjì-méjì: iwájú etí, abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ ahọ́n. Àwọn kéékèèké tó kù wà káàkiri inú ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Nínú ìwọ̀nba tó kù ni ọrọ̀ wà. Oríṣi purotéènì tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lé ní 2,000. Amylase ń gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́; òun ló fà á tí búrẹ́dì fi ń dùn díẹ̀ tí ẹ bá jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́. Mucin ló ń mú kí itọ́ máa yọ̀, kí òkèlè lè rí ọ̀nà ọ̀fun gbà. Lysozyme ń bá kòkòrò àrùn jà. Àwọn kan sì wà tí kì í ṣe ẹnu ló ṣe wọ́n rárá, bíi albumin: inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ wá, púpọ̀ nínú wọn gba àárín eyín àti èrìgì. Àwọn àlejò yìí ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ máa rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè hàn lẹ́nu.

Báwo ni purotéènì ṣe máa mọ̀ pé ṣúgà mi pọ̀?

Ọ̀nà méjì ni.

Ọ̀nà kìíní ni pé ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì. Kò nílò ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó, tó sì pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó lẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ wo eruku ọyẹ́ lórí gíláàsì fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kò nù. Tó bá ti nípọn, ẹ mọ̀ pé eruku ti ń jà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ ò lè tibẹ̀ mọ bí afẹ́fẹ́ àárọ̀ yìí ṣe rí. Ìlànà yìí náà ni HbA1c tí dókítà máa ń ní kí ẹ lọ ṣe. Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kà. Pádi (sẹ́ẹ̀lì) ẹ̀jẹ̀ pupa kan ń lo nǹkan bíi 120 ọjọ́ láyé, ìdí nìyẹn tí èsì náà fi ń sọ ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta. Ti albumin kúrú, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àwọn purotéènì inú itọ́ náà ń gba ṣúgà sára, àwọn onímọ̀ sì ń wá bí wọ́n ṣe máa kà á.

Ọ̀nà kejì ni pé àìsàn náà ń yí iye àwọn purotéènì kan padà. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà to ohun tí wọ́n rí nínú itọ́ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì àti ti àwọn tí kò ní in: purotéènì 487. Nínú wọn, 65 ló jẹ́ pé ìyàtọ̀ àárín ẹgbẹ́ méjèèjì ju ìlọ́po méjì lọ. Ní 2015, àwọn mìíràn ní Chile kọ ọ́ pé ọ̀kan tó ń jẹ́ alpha-2-macroglobulin ń bá HbA1c rìn: bí ti ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ga, ti itọ́ náà ń ga.

Ó dára láti gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń kọ mí lóminú. Púpọ̀ nínú àwọn purotéènì tó ń yí padà yẹn, tara wíwú àti ti ọgbẹ́ ni. Wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ tàbí kí wọ́n gòkè nítorí eyín tó ń dunni. Kò sí èyí tí a lè nàka sí pé ti àtọ̀gbẹ nìkan ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi gbẹ́kẹ̀ lé ẹyọ kan. Wọ́n máa ń kó mélòó kan pọ̀, kí wọ́n wo bí gbogbo wọn ṣe rí papọ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn wọn ṣúgà inú itọ́ gan-an?

Wọ́n ń gbìyànjú rẹ̀. Ní oṣù Keje 2021, Paul Dastoor àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Newcastle ní Australia kéde sítírípù kan tí wọ́n ń fi sí itọ́. Ìjọba wọn ti fi mílíọ̀nù 6.3 dọ́là ilẹ̀ wọn tì í lẹ́yìn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ṣúgà inú itọ́ kéré gan-an, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lójú. Lẹ́yìn náà, ẹnu ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Bí ẹnì kan bá mu kunu ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, ṣúgà ta ni ẹ̀rọ náà ń kà, ti ẹ̀jẹ̀ tàbí ti kunu?

Tí wọ́n bá borí èyí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni yóò máa ṣe. Ṣúgà inú itọ́ ń gbìyànjú láti sọ bí nǹkan ṣe rí nísinsìnyí. Purotéènì ń sọ bí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe rí. Inú ìròyìn WhatsApp, wọ́n ti po méjèèjì pọ̀ bí ògì.

Ṣé àyẹ̀wò purotéènì lè kìlọ̀ fún mi tí ṣúgà mi bá ń lọ sílẹ̀ jù?

Kò lè ṣe é. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bọ̀, tí ọkàn ń lù kìkì, tí ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu mọ́, ẹ gún ìka. Bó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL (3.9 mmol/L), ẹ mu ìdajì ife omi ọsàn tàbí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ zero sí lára, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá sí mítà, ẹ̀rọ tó ń ka sítírípù, nítòsí, ẹ mu ún bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìyá wa ní Sabon Gari, Kano, obì gbànja kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ṣé itọ́ tiwọn á ṣeé lò?

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí ó kan bí a ṣe ń gbé ìgbé ayé wa lókè ọya. Ẹ̀yin ẹ mọ bí obì ṣe máa ń fún ahọ́n pọ̀ kí omi tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ń fún un pọ̀ ni tannin, iṣẹ́ tannin sì ni pé ó ń di purotéènì itọ́ mú, ó ń so wọ́n mọ́ra wọn. Àwọn ohun tí a fẹ́ kà gan-an ló ń dì mú. Itọ́ tí wọ́n bá gbà nígbà tí obì wà lẹ́nu, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu, kò wúlò.

Pákò náà ní tirẹ̀: bó bá họ èrìgì, ẹ̀jẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ itọ́, purotéènì ẹ̀jẹ̀ á sì wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Fura, zobo, tíì, tábà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ yẹra.

Bí a ṣe ń gbà á nìyí. Ẹ ò ní jẹun, ẹ ò ní mu nǹkan kan àyàfi omi, ẹ ò sì ní fọ eyín fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ máa fi omi lásán yọ ẹnu, ẹ máa dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí omi náà má baà lú itọ́. Lẹ́yìn náà ẹ máa jókòó, ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ jẹ́ kí itọ́ gbá jọ fúnra rẹ̀, kó máa kán sínú túùbù. Àwọn ènìyàn ti mọ àyẹ̀wò ikọ́ ife, nítorí náà wọ́n máa ń há ọ̀fun kí wọ́n tó tutọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìyẹn, a ò fẹ́ ẹ.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí nínú túùbù ni ìfófòó, òkè lọ́hùn-ún, àti itọ́ tó ń fà bí omi ilá nísàlẹ̀ rẹ̀. A máa fi í sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí. Tó bá jáde, ó ti pín sí méjì: omi tó mọ́ lókè, àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó dà bí eérú nísàlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣí kúrò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kòkòrò àti oúnjẹ tó sá pamọ́. Omi òkè nìkan la fẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú ooru, kòkòrò á máa jẹ purotéènì inú rẹ̀ lọ, nítorí náà orí yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà. Tí a bá fẹ́ fi pamọ́, inú firísà tó tutù dé 80 nísàlẹ̀ òdo ni. Ẹ̀yin tó ń gbé Nàìjíríà, ẹ mọ ohun tí firísà bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ra dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀.

Ẹnu mi máa ń gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ọyẹ́ ní tirẹ̀, àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ń gbẹ ẹnu. Bí ṣúgà bá pọ̀, ara á máa fi ìtọ̀ da omi nù. Àwọn oògùn kan náà ń gbẹ ẹ́, bíi amitriptyline tí wọ́n ń fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń ta gìrìgìrì, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lé ìtọ̀.

Fún àyẹ̀wò, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí omi itọ́ bá dín kù, purotéènì tó wà nínú rẹ̀ á ki, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbẹ lè dà bí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le sí i. Nítorí náà, a kì í kàn ka ẹyọ purotéènì kan kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. A máa ń fi í wé àpapọ̀ gbogbo purotéènì inú itọ́ náà, tàbí bí itọ́ ṣe ń yára jáde tó. Àkókò náà ń yí i: amylase kéré láàárọ̀, ó ń gòkè títí di ọ̀sán, ìdààmú ọkàn sì ń tì í sókè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya láago mẹ́jọ àárọ̀ kì í ṣe ẹni tó yẹ kí a gba itọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èrìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ lọ rí dókítà eyín kí ẹ tó ro ti itọ́. Àtọ̀gbẹ ń ba èrìgì jẹ́, èrìgì tó bàjẹ́ sì ń jẹ́ kí ṣúgà ṣòro láti kápá.

Ọmọ mi jẹ́ SS, dókítà sì ní HbA1c kò ṣeé gbára lé fún un. Ṣé itọ́ lè ràn án lọ́wọ́?

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni itọ́ yóò ṣe láǹfààní jù lọ láàrin wa, àwọn bí ọmọ yín ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Mo ti ní pádi ẹ̀jẹ̀ pupa ń lo nǹkan bíi 120 ọjọ́. Ti ẹni tó jẹ́ SS, nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 20 péré ni. Ṣúgà kò ráyè lẹ̀ mọ́ ọn kó tó kú, èsì á wá jáde pé gbogbo nǹkan dára, nígbà tí kò dára. HbA1c kò ṣeé gbára lé bákan náà fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, àti aláboyún, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

AS kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ́ kangá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà fi hàn pé HbA1c àwọn AS máa ń rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi 0.3 sí ti àwọn AA, bẹ́ẹ̀ ṣúgà wọn dọ́gba. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni AS ní Nàìjíríà. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Purotéènì itọ́ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí pádi ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe ń pẹ́ láyé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ́tí sí ìwádìí yìí ju ti aago ọwọ́ tí wọ́n ní ó ń wọn ṣúgà lọ. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ohun tó wà nílẹ̀ fún ọmọ yín ni àyẹ̀wò fructosamine, tó ń ka ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀, tàbí ti albumin tí ṣúgà lẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Wíwọ̀n ṣúgà nílé kò sì gbọ́dọ̀ dúró.

Alfa wa béèrè ti Ramadan: ṣé gígún ìka ń ba ààwẹ̀ jẹ́, ṣé itọ́ á sì sàn jù?

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ń tọ́jú àwọn Mùsùlùmí alátọ̀gbẹ, àti ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn, gbà pé gígún ìka láti wọn ṣúgà kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kò sí ìdí láti dúró de itọ́. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 70 mg/dL tàbí tó kọjá 300 mg/dL, kí ẹni náà jáwọ́ nínú ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ máa ṣọ́ra jù ní wákàtí tó kẹ́yìn kí wọ́n tó ṣínu, nítorí ìgbà náà ni ṣúgà máa ń fẹ́ já sílẹ̀ fún ẹni tó ń lo ínsúlíìnì tàbí glibenclamide, oògùn oníhóró tó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ẹ rí dókítà yín ṣáájú oṣù ààwẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kẹta rẹ̀, kí ó tún oògùn sààrì àti ti ìṣínu tò.

Wọ́n ń ta aago àti òrùka tó ń wọn ṣúgà láìgún ara. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má rà á. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì 2024, FDA kìlọ̀ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má lo aago tàbí òrùka tó ní òun ń wọn ṣúgà láìgún awọ ara. Wọn ò tíì fọwọ́ sí ìkankan. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Bí aago bá sọ fún yín pé 110 ni, tí òtítọ́ sì jẹ́ 310, ta ló máa jẹ̀bi?

Bákan náà ni mo ṣe ń sọ nípa ẹnikẹ́ni tó bá gbé "sítírípù itọ́ fún ṣúgà" wá síwájú yín lónìí. Ẹ béèrè nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá Medical Laboratory Science Council of Nigeria, tó ń rí sí ohun èlò àyẹ̀wò láàbù, mọ̀ ọ́n. Tó bá ń fi ẹ̀rí àwọn tó ti lò ó dá yín lóhùn, gbájú-ẹ̀ ni.

Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá ńkọ́?

Ìyẹn ṣiṣẹ́. Òkùn tín-tìn-tín kan ló wà lábẹ́ awọ, ó ń ka ṣúgà inú omi tó yí pádi ara ká. FreeStyle Libre, fún àpẹẹrẹ, ní irú tó ń wà lára fún ọjọ́ 14. Owó ni ìṣòro rẹ̀.

Ṣé a lè fi itọ́ mọ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí kò tíì mọ̀?

Bí itọ́ bá máa kọ́kọ́ wúlò níbì kan, mo rò pé ibí yìí ni: yíyẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn wò lẹ́ẹ̀kan, nínú ọjà, nínú gáréèjì, nínú mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì, láti yọ àwọn tó yẹ kó lọ ṣe ti ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀. Àṣìṣe kékeré kò ní pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Iṣẹ́ náà wà nílẹ̀. Ní 2018, Uloko láti Kano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé nǹkan bíi 5.77 nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà ló ní àtọ̀gbẹ. Àríwá ìwọ̀ oòrùn jẹ́ 3.0, àríwá àárín gbùngbùn 3.8, àríwá ìlà oòrùn 5.9, gúúsù ìwọ̀ oòrùn níbi tí a ti wá jẹ́ 5.5.

Ohun tí dókítà ń wò kó tó sọ pé àtọ̀gbẹ ni: ṣúgà òwúrọ̀ ṣáájú oúnjẹ tó tó 126 mg/dL (7.0 mmol/L), tàbí HbA1c tó tó 6.5 nínú 100, tàbí ṣúgà ìgbàkígbà tó tó 200 mg/dL pẹ̀lú òùngbẹ àti ìtọ̀ tó pọ̀. Bí kò bá sí àmì àìsàn, wọ́n máa ń tún un ṣe kó tó dáni lójú. Itọ́ kò tíì ní irú ààlà bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fọwọ́ sí.

Nígbà wo ló máa dé Abuja?

Ẹni tó bá dárúkọ ọdún fún yín ń méfò ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí purotéènì wo àti ààlà wo. Wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò lára àwa náà, tí a ń jẹ obì, tí a ń lo pákò, tí èrìgì wa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fara da ooru oṣù Kẹta. Ó sì gbọ́dọ̀ dínwó ju sítírípù lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí la fẹ́ fi ṣe?

Kí n tó rí i, ìka mi ti ń ro mí.

Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ máa gún, kì í ṣe orí rẹ̀ tí ẹ fi ń mú nǹkan. Ẹ máa pààrọ̀ ìka. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó máńgòrò, ṣúgà máńgòrò ni mítà máa kà. Abẹ́rẹ́ tuntun ni nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ gún ìka, kì í sì í ṣe ohun tí ọkọ àti ìyàwó ń pín, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ àti HIV. Ẹ dé ìgò sítírípù dáadáa, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ ooru tó ju 30 lọ, inú mọ́tò tó wà lóòrùn ní Garki sì ti kọjá ìyẹn kí ẹ tó ra àkàrà tán.

Wọ́n ní kí n wá fi itọ́ sílẹ̀ fún ìwádìí nílé ìwòsàn kan. Ṣé kí n lọ?

Ẹ lọ, bí ẹ bá ti béèrè ohun mẹ́ta: ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ lédè tó yé yín, àti ìdánilójú pé ẹ lè jáde nígbàkígbà láìpàdánù ìtọ́jú yín. Ẹ ò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀. Ẹ má fò oògùn yín lọ́jọ́ náà àyàfi tí dókítà yín bá ní kí ẹ fò ó. Kí ẹ sì múra sílẹ̀, torí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ yín níbẹ̀ náà. Láìsí i, kò sí ohun tí wọ́n máa fi èsì itọ́ wé.